Ìró Aládìyẹ Lórí Ògiri Balùwẹ̀

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, lówùúrọ̀ Sátidé ìmọ́tótó, ọjọ́ tí wolé-wolé máa ń yí ìlú ká láti wo ẹni tí kò gbálẹ̀. Èmi kọ́ ni mo wo aago. Màmá tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sẹ́yìn ilé mi ló wò ó, ó sọ ọ́ fún wolé-wolé, wolé-wolé sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn ló ka àwọn tó wà níbẹ̀: ọkùnrin kan ní ìhòòhò, èmi nìyẹn, Màmá, lójú fèrèsé òkè, àti obìnrin kan tí a kò tíì mọ̀.

Obìnrin tí a kò tíì mọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Ọkùnrin ìhòòhò kì í ṣe nǹkan tuntun ní Ayétòrò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí balùwẹ̀ mi ṣe rí. Ẹ̀yìn ilé ló wà. Ògiri mẹ́rin ni, kò lórùlé, kò ní ilẹ̀kùn. Ògiri iwájú gùn díẹ̀ kọjá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń wọlé lè yà bá ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, kí ẹni tó wà níta má sì rí inú. Ó ga dé ọrùn mi. Bẹ́ẹ̀ ni balùwẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ ṣe rí ládùúgbò wa. Ẹni tó bá ń wẹ̀ á fi aṣọ rẹ̀ kọ́ orí ògiri. Aṣọ yẹn ni ilẹ̀kùn. Bí o bá ti rí aṣọ, o padà sẹ́yìn nìyẹn. O tilẹ̀ máa mọ ẹni tó wà níbẹ̀: bí ó bá jẹ́ ṣòkòtò, bàbá ilé ni, bí ó bá jẹ́ ìró, ìyá ilé ni. Bí ó bá jẹ́ ìró, tí o sì gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú balùwẹ̀, o ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ó sì wá nǹkan mìíràn ṣe fún bíi wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ ní èyí. Ọmọ á kàn mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó mi ló mọ balùwẹ̀ náà. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà nígbà náà. Búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù lára ilé ló lò, òun fúnra rẹ̀ ló sì po sìmẹ́ńtì. Nígbà tí mo dé ní ọlidé, mo wo ògiri, mo ní ó tẹ̀ sápá òsì. Ó ní kí n lọ wẹ̀ nílé ẹni tí ògiri tirẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo wọlé, mo wẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi wọlé, ó gba kànìnkànìn lọ́wọ́ mi, ó fọ ẹ̀yìn mi. Láti ọjọ́ náà ló ti di iṣẹ́ rẹ̀.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oko ni mo wà títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kí n tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní láàárín àwọn ọmọ tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Mo mú ìdákẹ́. Mo di tíṣà, mo ṣì ń dákẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi bá wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọṣẹ, tí n kò rí ojú rẹ̀, tí òun náà kò rí tèmi, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níléèwé lánàá ni mo máa ń rò fún un. Ó kú, ó ti di ọdún mẹ́ta. Mi ò rí ìdí tí mo fi ní láti dákẹ́ nínú balùwẹ̀ nítorí ìyẹn.

Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá, wọ́n pín aṣọ rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Wọ́n pín gèlè, wọ́n pín bùbá, wọ́n pín bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ ẹnì kankan mu nínú wọn. Ìró kan ló ṣẹ́ kù, nítorí pé orí okùn ló wà, wọn kò sì dé ẹ̀yìn ilé. Àǹkárá ni, àwọ̀ ìyeyè, àwọn àgbébọ̀ adìyẹ tó ń kó ọmọ lẹ́yìn ló wà lára rẹ̀. Kétu ló ti rà á, ní òdì kejì bọ́dà, lọ́dún tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Ó ní òun fẹ́ aṣọ tí wọn ò ní rí lára ẹlòmíì. Nígbà tó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin mẹ́rin ló bá níbẹ̀ pẹ̀lú irú rẹ̀. Tówẹ̀ẹ̀lì mi ya lóṣù tó tẹ̀ lé ìsìnkú. Mo mú ìró náà. Mi ò ra tówẹ̀ẹ̀lì mìíràn.

Màmá dé láti Kùtọnù lọ́dún tó kọjá. Àdúgbò wa ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ló fi gbẹ̀bí lọ́hùn-ún, ó sì máa ń fi Faransé díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹní ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tí àwọn bíríkìlà ń mọ òkè ilé rẹ̀, wọ́n máa ń kí mi láàárọ̀ bí mo bá ń wẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kú ìwẹ̀ o, Tíṣà."

Mo máa ń dá wọn lóhùn. Ó yẹ kí n ti rò ó nígbà yẹn pé ibi tí bíríkìlà bá ti rí mi, onílé náà á ti rí mi. Mi ò rò ó. Wọ́n fi fèrèsé síbẹ̀. Láti ojú fèrèsé yẹn, èèyàn á rí ìlàjì balùwẹ̀ mi. Ìlàjì kejì, ẹ̀ka igi máńgòrò ló bò ó.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo ń sọ fún ìyàwó mi bí ọ̀gá iléèwé wa ṣe sùn lọ níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà lórí pápá. A ti ṣe àmín tán, kò jí. Àwọn ọmọ dúró, ojú wọn dì, torí pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n la ojú. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó wá kan ẹ̀yìn. Mo kọ ẹ̀yìn sí ìlàjì tó wà lábẹ́ máńgòrò, ibi tó máa ń dúró sí, mo na kànìnkànìn síbẹ̀, mo sì wí bí mo ṣe máa ń wí:

"Bá mi dé ibẹ̀ yẹn. O mọ ibẹ̀."

Màmá rí ìró lórí ògiri. Ó rí ọkùnrin nínú balùwẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín. Ó rí ọwọ́ tó ń na kànìnkànìn sí ẹnì kan lábẹ́ ẹ̀ka igi. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí ládùúgbò wa á ṣírò rẹ̀ bó ṣe ṣírò rẹ̀. Ó lọ wo aago.

Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ nígbà tí wolé-wolé dé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ó wọ kákí, ó wọ bàtà òjò dé orúnkún. Gọ́tà àti ààtàn ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ti pè é gòkè, ó ti fún un ní tíì, ó sì ti rò fún un. Ó bá mi níwájú ilé níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. Ó kí mi dáadáa. Ó ní òun fẹ́ rí balùwẹ̀. Ìró ṣì wà lórí ògiri, mo sá a síbẹ̀ kó gbẹ.

"Bàbá, ta ló ni aṣọ yìí?"

Mo tún igun rẹ̀ kan tó ká ṣe.

"Ti obìnrin ni, àbí?"

"Ti obìnrin ni."

"Ṣé ẹni tó ni ín wà nílé?"

"Kò sí nílé."

"Ṣé ẹ lè pè é?"

"Rárá."

"Fóònù rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní fóònù."

Ó wò mí bí ẹní ń wo òpùrọ́. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu sọ ìyókù, n ó ní láti sọ ọ́ tán, títí dórí ẹ̀yìn fífọ̀, fún ọmọkùnrin tó wọ bàtà òjò nígbà tí òjò kò rọ̀. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kó máa pè mí ní òpùrọ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ lápò.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ìmọ́tótó. Òfin ìpínlẹ̀ ni. Ìwà àìtọ́ ní gbangba."

Ó fi ìka méjì gbé ìró kúrò lórí ògiri bí ẹní gbé òkú eku, ó sì tì í bọ inú náílọ́ọ̀nù dúdú.

"Ẹ̀rí nìyí," ó wí. "Ọjọ́ Ajé ni n ó gbé e lọ sí Ìlaròó, ọ̀gá mi ló máa sọ bóyá ó kan kóòtù. Ẹni tó ni aṣọ ni kó wá fúnra rẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó gbà á."

"Bí ẹni tó ni ín kò bá wá ńkọ́?"

"Á wà ní sítọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀rí yòókù."

"Irú ẹ̀rí wo?"

Ó ronú díẹ̀. "Agolo. Kùmọ̀. Adìyẹ kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú."

Mo wo náílọ́ọ̀nù dúdú náà títí ó fi gun ọ̀kadà. Kì í ṣe ẹjọ́ ló dùn mí. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri sẹkitéríàtì pé wọ́n rí ìhòòhò mi. Ìró yẹn ni mo fẹ́ gbà padà, kò sì sí ẹni tó lè wá fọwọ́ sí i.

Lágogo méjìlá, alága àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa yà sílé mi. Alájì là ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní ìyàwó mẹ́ta, ó sì gbà gbọ́ pé àìsàn ni kéèyàn máa dá gbé. Òun ló ti bá wolé-wolé sọ̀rọ̀ pé kó má tíì kúrò nílùú, kí a kọ́kọ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní agogo mẹ́rin níwájú ilé òun. Ó gbé ìgò mọ́ọ̀tì méjì wá. Ó jókòó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Tíṣà."

"Bàbá."

"O ṣe é."

"Kí ni mo ṣe, Bàbá?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Inú mi dùn ni. Ọdún mẹ́ta. Mo ti ń sọ fún àwọn ará ilé mi pé ọkùnrin yẹn ń gbẹ." Ó ṣí mọ́ọ̀tì kan fún mi. "Ta ni?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

"Ṣé tíṣà obìnrin tó ń ti Ìmẹ̀kọ wá yẹn ni?"

"Rárá."

"Ẹni tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, tó ga yẹn?"

"Rárá, Bàbá."

Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó ẹlòmíì ni? Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ẹlòmíì, sọ fún mi nísinsìnyí, kí n lè mọ ẹni tí n kò ní pè sípàdé."

Mo wo ojú rẹ̀. Mi ò rí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà wa ṣe. Ó ṣòro láti sọ òótọ́ fún ẹni tí inú rẹ̀ dùn báyẹn. Mo mu mọ́ọ̀tì.

Kó tó di agogo méjì, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní àwọn kò bínú, wọ́n ní ẹran ara ni gbogbo wa. Wọ́n ní bí mo bá lè mú un wá sí ìsìn lọ́la, àwọn á bá a wá ààyè lórí bẹ́ǹṣì kejì, àti pé ṣé ó mọ oúnjẹ sè. Mo ní ó mọ̀ ọ́n sè. Ìyẹn náà, òótọ́ ni.

Agogo mẹ́rin lù. Àwọn tó wá lé ní ogún, nínú wọn sì ni àwọn tí kì í wá nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná. Alájì jókòó láàárín, Màmá jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, wolé-wolé lápá òsì pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù dúdú lórí itan. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ iwájú, ojú mi sì wà lára náílọ́ọ̀nù náà.

Wolé-wolé ṣí ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ń kà, ó ń túmọ̀. Ó ní òfin kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìhòòhò sílẹ̀ ní gbangba. Ó ní òfin kò sì fẹ́ kí ọkùnrin àti obìnrin ṣe nǹkan inú yàrá níbi tí ojú ayé ti lè tó wọn.

"Ṣé gbangba wá ni balùwẹ̀?" Alájì bi í.

"Bí ojú bá ti tó o, sà, gbangba ni."

"Ojú ta ni?"

"Ojú Màmá."

"Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ojú Màmá wà."

"Òfin kò sọ ibi tí ojú gbọ́dọ̀ wà, sà."

Ọlọ́kadà kan tó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà dá sí i. "Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ òfúrufú ńkọ́? Kí ẹni tó bá ń wẹ̀ sá pamọ́ bó bá gbọ́ ariwo rẹ̀?"

"Dákẹ́ ẹnu rẹ," Alájì wí, ṣùgbọ́n ó yíjú sí wolé-wolé bí ẹni tó ń retí èsì.

Èmi náà ń rò ó. Nígbà tí ìyàwó mi mọ ògiri yẹn, ẹyẹ nìkan ló wà lókè. Èmi kò jáde lọ sí gbangba. Gbangba ló gun àtẹ̀gùn wá bá mi. Mo rò ó, mi ò sọ ọ́.

Màmá tún ìró rẹ̀ ró, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má ṣe rò pé ìhòòhò Tíṣà ló ń bí mi nínú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ̀bí. Mo mọ ohun tó wà lára ọkùnrin, mo sì mọ ohun tó máa ń dá sílẹ̀. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, Màmá," ọlọ́kadà wí.

"Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó pé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Alájì fi lu ọ̀pá mọ́lẹ̀. Mo wo bàtà mi.

"Ohun tí mò ń sọ," Màmá ń bá a lọ, "ni pé Tíṣà ló ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi. Òun ló ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ní obìnrin, kó mú un jáde ká kí i. Kí ló dé tó fi ń fi ọmọ ọlọ́mọ pamọ́ sábẹ́ máńgòrò bí ẹran tí wọ́n jí gbé? Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Ó ní, 'Bá mi dé ibẹ̀ yẹn. O mọ ibẹ̀.' Voilà."

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò sí ọ̀pá tó lè dá a dúró. Nígbà tó rọlẹ̀, wolé-wolé gbé náílọ́ọ̀nù sókè.

"Ìbéèrè kan péré ló kù. Ta ló ni aṣọ yìí? Bí ẹni tó ni ín kò bá jáde níbí, ó di Ìlaròó lọ́jọ́ Ajé."

Alájì wò mí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n dárúkọ ẹnì kan, ẹni yòówù kó jẹ́. Mo wo náílọ́ọ̀nù. Igun ìró náà kan yọ síta, mo rí àgbébọ̀ kan àti ọmọ rẹ̀ méjì. Mo ronú nípa agolo àti kùmọ̀.

Mo dìde. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í dìde nípàdé.

"Ìyàwó mi ló ni ín," mo wí.

Ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀.

"Ìyàwó wo?" Alájì bi mí. "Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?"

"Ọ̀kan náà ni mo ní, Bàbá."

"Èyí tí a sin?"

"Òun náà."

Màmá na ọrùn síwájú. "Ta ni o wá ń bá sọ̀rọ̀ nínú balùwẹ̀?"

"Òun náà, Màmá."

"Kànìnkànìn tí o nà sẹ́yìn ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi kì í dé àárín ẹ̀yìn mi. Òun ló máa ń bá mi fọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń gbàgbé pé kò sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn mi ò gbàgbé, mo kàn nà á náà ni."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí ládùúgbò yẹn. Mo jókòó.

Ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kò wá sí obìnrin kankan?" Ó bà á nínú jẹ́ gidi. Alájì ṣí fìlà, ó tún un dé. Mo rí i pé mo ti ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́.

Wolé-wolé ń ṣí ìwé rẹ̀ láti ojú ewé kan sí òmíràn. Ó ṣí i dé ẹ̀yìn, ó tún padà síwájú.

"Kí lò ń wá?" Alájì bi í.

"Kò sí i níbí, sà."

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Ẹni tó bá ń wẹ̀ pẹ̀lú òkú."

"Bó bá jẹ́ pé kò sí níbẹ̀, gbé aṣọ aláṣọ fún un."

"Ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, sà. Fọ́ọ̀mù sọ bẹ́ẹ̀. Òkú kò sì lè fọwọ́ sí i."

"Ta ló ní kó fọwọ́ sí i? Kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń kọ ẹni tó ni ín, kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí ibi tí wọ́n ń kọ ẹni tó gbà á. Ṣé ìyẹn náà ṣòro?"

Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Mo gba bírò, mo kọ orúkọ ìyàwó mi. Ìgbà tí mo kọ ọ́ gbẹ̀yìn, ẹni tó gbẹ́ òkúta ibojì rẹ̀ ni mo kọ ọ́ fún. Mo kọ tèmi sísàlẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ọwọ́ tíṣà ni. Wolé-wolé gbé náílọ́ọ̀nù fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kì í ṣe ìka méjì mọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ òfin, Alájì dájọ́. Ó ní ẹni tí wọ́n rí àti ẹni tó rí i, kí wọ́n pín ẹ̀bi náà dọ́gba. Kí èmi fi páànù méjì bo apá balùwẹ̀ tó kọjú sí òkè kí oṣù tó parí, kí Màmá sì fi kọ́tìnnì sí fèrèsé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wolé-wolé kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́kadà ní kí n máa gbé agboorùn wọ balùwẹ̀ ní tèmi títí páànù á fi dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn kò tíì wọ̀, Màmá gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fọ ìró. Mo ń fọ ọwọ́ wolé-wolé kúrò lára rẹ̀.

"Tíṣà, má bínú."

"Kò sí ìbínú, Màmá."

"Ìró ló wà lórí ògiri. Àdúgbò yìí ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ ohun tí ìró orí ògiri ń wí."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún ọmọ yẹn láàárọ̀?"

Mo fún ìró. "Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́," mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo balùwẹ̀, ó wo ògiri tó tẹ̀ sápá òsì, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ tèmi náà kú, ó ti di ọdún mọ́kànlá. Èmi kì í bá a sọ̀rọ̀ o. Nígbà tó wà láyé pàápàá, kì í gbọ́."

Ó yọ nǹkan kan nínú báàgì. Kànìnkànìn ni, àwọ̀n aláwọ̀ búlúù, ó gùn tó apá méjì, ó ní ibi tí a ń ki ọwọ́ bọ̀ lókè àti nísàlẹ̀.

"Ní Kùtọnù, èyí ni gbogbo àwa opó ń lò. Ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀, wàá máa fà á. Wò mí."

Ó kọ́ ọ sẹ́yìn ara rẹ̀ lórí bùbá, ó ń fà á lọ, ó ń fà á bọ̀, ìdí rẹ̀ sì ń bá a lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà lójú fèrèsé òkè lákòókò yẹn, onítọ̀hún ì bá ti lọ wo aago. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ fi kọ́tìnnì sí fèrèsé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, mo jí ní àkókò tí mo máa ń jí. Mo pọn omi, mo gbé garawa wọ balùwẹ̀, mo fi ìró kọ́ orí ògiri. Ó ṣì tutù díẹ̀. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ti wà lójú fèrèsé òkè, kò sì mì. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi láti ìbẹ̀rẹ̀: wolé-wolé àti bàtà rẹ̀, mọ́ọ̀tì Alájì, ààyè tí wọ́n fẹ́ bá a wá lórí bẹ́ǹṣì kejì. Mo sọ fún un pé Màmá wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní ó pé. Mo dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ì bá ti rẹ́rìn-ín jù. Omi ti tutù kí n tó sọ tán.

Ó wá kan ẹ̀yìn. Mo ki ọwọ́ kan bọ kànìnkànìn búlúù náà lókè, mo ki èkejì bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, mo fà á. Ó dé ibẹ̀.

Mi ò sọ ìyẹn fún un.